Agolo Inú Agolo: Àkọsílẹ̀ Híítà Kan Tó Ń Fi Mọ́tò àti Ọ́ìlì Mú Ilé Gbóná

Ẹni tó ni ẹ̀rọ yìí jẹ́ bàbá kan tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Yàrá ìgbàlejò rẹ̀ tóbi, òtútù sì máa ń mú níbẹ̀ débi pé bó bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ńṣe ni ẹnu rẹ̀ ń rú bí èéfín. Ó ti kà á níbì kan pé bí mọ́tò iná bá ń yí agolo kan nínú agolo mìíràn, tí ọ́ìlì wà láàárín àwọn méjèèjì, ooru tó máa jáde á ju iná tó wọlé lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ó kọ́ ọ. Ó wá pè mí nítorí pé ẹ̀rọ náà kì í fẹ́ dìde láàárọ̀, bó bá sì dìde, kì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́.

"Ṣáà bá mi wo ìdí tó fi ń gé iná," ló sọ fún mi. "Tó bá ti dìde, mo mọ ohun tó kù."

Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló gbà wá.

Kó tó dórí ọ́ìlì, bàbá ti kọ́kọ́ gbìyànjú gbígbo gbẹ: ó fi sípíríǹgì ti pádì bíréèkì ọkọ̀ mọ́ àwo irin tí mọ́tò ń yí. Ooru jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, pádì ti tín-ín-rín, eruku dúdú ti bo gbogbo ibẹ̀, òórùn rẹ̀ sì wọnú aṣọ. Ooru náà kò tilẹ̀ dúró sójú kan, nítorí pé bí pádì ṣe ń gbóná ni ìdìmú rẹ̀ ń yí padà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀yí wá bá yín, ẹ ní kó gbàgbé rẹ̀. Nǹkan tó ń gbo ara rẹ̀ jẹ kò yẹ kó wà nínú ilé tí èèyàn ń sùn sí.

Ti ọ́ìlì yàtọ̀, kì í sì í ṣe òní ni èrò náà ti wà. Ní 1979, Eugene Frenette gba ìwé ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà lórí híítà tó ní agolo méjì tó wọnú ara wọn, tí mọ́tò ń yí ti inú, tí ọ́ìlì sì ń gbóná láàárín wọn. Irú èyí gan-an ni bàbá kọ́. Fífẹ̀ agolo inú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, gíga rẹ̀ jẹ́ 25. Àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti agolo òde jẹ́ mìlímítà kan péré, ó sì ṣe é dáadáa: nígbà tí mo fi ọwọ́ yí i, kò sí ibi tó ti gán. Ọ́ìlì háídíróòlì VG 32 (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ló wà nínú rẹ̀, bíi lítà mẹ́fà. Mọ́tò rẹ̀ jẹ́ fésì kan, kilowáàtì 1.5, tó ń yí ìgbà 1440 ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́ńpù kékeré kan ń gbé ọ́ìlì gbígbóná lọ sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó gbé sí yàrá, fáànù kan sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Nítorí ariwo, mọ́tò àti agolo wà níta, nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó fara ti ògiri. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀dì yìí sọ́kàn.

Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ní kó má tíì tan nǹkan kan. Mo yọ síkúrù òkè, mo ti ṣíbí bọ inú ọ́ìlì, mo sì gbé e sókè. Ọ́ìlì náà fà gbọọrọ, ó ń rọra kán bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Ìwọ̀n ooru inú ṣẹ́ẹ̀dì jẹ́ dígírì 10. Mo wá ní kó tan án. Mọ́tò kùn, ọ̀pá rẹ̀ yí díẹ̀, ó ń gbọ̀n, bréékà gé. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ló ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó dìde. Mítà wáàtì tí mo so mọ́ ọn fò sókè, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó ń wálẹ̀ ṣáá. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ohun tí mọ́tò ń jẹ kò tó ìdajì èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ mọ́, rédíétọ̀ sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bàbá rò pé mọ́tò ti ń kú. Mọ́tò kò ní àrùn kankan. Ọ́ìlì ló ń ṣe bí ọ́ìlì.

Nínú irú ẹ̀rọ yìí, agbára tí ọ́ìlì ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò máa ń tẹ̀ lé kíki rẹ̀. Bó bá ki ní ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po méjì. Bí iyára bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Bí agolo bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí àlàfo bá sì fẹ̀ sí i, agbára á dínkù. Nọ́ńbà 32 tó wà lára ọ́ìlì yẹn ni ìwọ̀n kíki rẹ̀ ní dígírì 40. Ní dígírì 100, kò ju bíi 5.4 lọ mọ́. Ní dígírì 10, ó lé ní 150. Mo fi ìwọ̀n agolo bàbá ṣe ìṣirò: ní dígírì 40, ọ́ìlì á gba bíi wáàtì 980 lọ́wọ́ mọ́tò tó ń yí ìgbà 1440. Ní dígírì 10, á fẹ́ gba ohun tó lé ní wáàtì 4,500. Mọ́tò tó jẹ́ 1,500 kò lè gbé ìyẹn, bréékà sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní dígírì 100, ìṣirò ní bíi 160 péré.

Ohun tí mítà fi hàn nígbà tí ọ́ìlì gbóná ju ti ìṣirò lọ díẹ̀, èyí sì kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọ́ìlì bá ti ṣàn tó, kì í kàn tẹ̀ lé agolo lọ gbọọrọ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ká lọ́nà tó dà bí òrùka tí wọ́n tò léra, èyí sì máa ń fi kún ohun tó ń fa agolo sẹ́yìn. G. I. Taylor, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1923. Fún wa, kò yí ìtàn náà padà: òwúrọ̀ ki jù, ọ̀sán ṣàn jù.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí bàbá lọ́kàn ni pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì. A da VG 68 sí i kí agbára lè dúró nígbà tó bá gbóná. Ó dúró sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀rọ náà kò yí rárá. A dá VG 32 padà. Ó wá dábàá pé kí a fi wáyà híítà kékeré kan sínú agolo, kó máa mú ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ṣé wáyà yẹn kò wá ní mú yàrá gbóná fúnra rẹ̀ báyìí?" Mo ní á mú un gbóná, Bàbá. A kò sọ ohun kan mọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti bọ́ sílẹ̀.

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe tó tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso ẹ̀rọ kà á dáadáa. Mo so tẹmosítáàtì yàrá mọ́ kọ́ńtátọ̀, ìyẹn súwíìṣì ńlá tí iná kékeré ń tan tó sì ń pa: bí yàrá bá tutù, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀, bó bá gbóná, á dúró. Mo fi àyè ìdajì dígírì péré sáàárín títàn àti pípa, nítorí mo fẹ́ kí yàrá dúró sójú kan. Mọ́tò fésì kan irú èyí ní wáyà àfibẹ̀rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nìkan, tí súwíìṣì kan nínú rẹ̀ á já a kúrò nígbà tí ọ̀pá bá ti sáré tó. Kò fẹ́ kí a máa tan òun kí a máa pa òun. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ ìgbà mẹ́tàdínlógún láàárín wákàtí kan, ọ́ìlì sì ń dì í mú ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dìde. Bàbá pè mí ní alẹ́ pé òórùn kan ń jáde láti ṣẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo ṣí mọ́tò, wáyà àfibẹ̀rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Bí mo bá ti wo ìwé tó wà lára mọ́tò, kí n sì fi dígírì méjì sáàárín pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn ì bá má ṣẹlẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀nà yà. Mo jókòó ti ìwé tí mo ti ń kọ nọ́ńbà sí, mo fa ìlà kan tó fi wáàtì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ooru ọ́ìlì, mo sì rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣàkóso ohun tí kò yẹ. Mo ń tan iyára kan ṣoṣo, mo ń pa á. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ilé nílò ni agbára, agbára náà ló sì ń sá lọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn. Agbára ló yẹ kí n dì mú, kí n jẹ́ kí iyára máa yí bó bá ṣe fẹ́.

A ra mọ́tò fésì mẹ́ta kilowáàtì 1.5 àti VFD, ẹ̀rọ tó ń yí iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ padà kí mọ́tò lè rìn jẹ́jẹ́ tàbí kó sáré. (VFD kò bá mọ́tò fésì kan tó ní kapásítọ̀ àti súwíìṣì inú lọ, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.) Láàárọ̀, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ ní 10 Hz, ìyẹn ni pé iná ń lọ tó ń bọ̀ nígbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dípò 50 tó wà nínú iná ilé. Nítorí pé iyára ti di ìdá kan nínú márùn-ún, agbára tí ọ́ìlì dígírì 10 ń bèèrè di ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò tó 200 wáàtì, ọ̀pá sì ń yí wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, VFD á máa wo wáàtì tí mọ́tò ń jẹ. Bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná tó ń ṣàn, wáàtì á fẹ́ wálẹ̀, VFD á fi iyára kún un títí á fi dé 60 Hz, ibi tí mo dá a dúró sí nítorí bíárìnì. Tẹmosítáàtì kò tún pa nǹkan kan mọ́; iye wáàtì tí yàrá fẹ́ ló ń sọ, láàárín 300 sí 1,100. A fi fáànù kékeré kan sẹ́yìn mọ́tò, nítorí fáànù tó wà lórí ọ̀pá rẹ̀ kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ tó bí mọ́tò bá ń rìn jẹ́jẹ́.

Ohun kejì tí ìlà yẹn fi hàn mí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Rédíétọ̀ bàbá kéré, fáànù rẹ̀ sì rọ, nítorí náà ọ́ìlì ń gbóná kọjá dígírì 70 kí ooru tó jáde sí yàrá. Nígbà tí a pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ọ́ìlì dúró ní nǹkan bí dígírì 45, ó ki tó láti di agolo mú, ooru tó ń wọ yàrá sì pọ̀ sí i. Bí o bá tètè gba ooru kúrò lára ọ́ìlì, á fún ọ ní òmíràn. Bí o bá fi í sílẹ̀ kó gbóná, á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bàbá fọwọ́ kan páìpù tó ń padà, ó ní, "Ó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yàrá wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ó rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ṣẹ́ẹ̀dì àti yàrá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ síìlì, ìyẹn ohun tó ń dí ibi tí ọ̀pá gbà wọnú agolo kí ọ́ìlì má bàa jò, kò gùn. Agolo náà dé pa, kò sí ibi tí ọ́ìlì lè wú sí. Ọ́ìlì máa ń wú bíi ìdá 0.07 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Lítà mẹ́fà tó gbóná ní dígírì 60 á fi bíi ìdá kan nínú mẹ́rin lítà kún ara rẹ̀. Ibi tó rọ̀ jù ló gbà jáde, ìyẹn síìlì ọ̀pá, ó sì dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn iná. A fi ìgò ìwúsí sí òkè, a pààrọ̀ síìlì sí èyí tó lè gba ooru. Mo sì di súwíìṣì ooru kan mọ́ ara agolo òde, tó máa já kọ́ńtátọ̀ fúnra rẹ̀ ní dígírì 90, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ tẹ̀ kó tó lè padà. Kò gba inú VFD, kò gba inú kọ̀ǹpútà kankan. Igi gọ̀ǹgọ̀ má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Bí pọ́ńpù bá kú lóru nígbà tí bàbá ń sùn, súwíìṣì yẹn nìkan ló kù.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ń dìde láàárọ̀, kò gé iná, yàrá dúró ní ìwọ̀n tí bàbá fẹ́. Ìgbà yẹn ló wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ wáyà híítà: "Èló ni ooru tó ń jáde?"

A wọn ọ́n. A gba páìpù ọ́ìlì gba inú kọ́ìlì bàbà kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù tí lítà 40 omi wà nínú rẹ̀, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé e, a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ títí mítà fi ka kilowáàtì-wákàtí kan gééré. Ìṣirò rọrùn: bí gbogbo iná yẹn bá di ooru nínú omi, omi á gòkè ní dígírì 21.5. Bí ẹ̀rọ bá ń fún ni ní ìlọ́po méjì, á gòkè ní 43. Bàbá fúnra rẹ̀ ló di tẹmómítà mú. Omi bẹ̀rẹ̀ ní 14.0. Ó parí ní 29.4. Ó kà á, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì, ó tún un kà.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀," ló wí.

A da omi náà nù, a rọ òmíràn, a ti wáyà híítà lásán bọ̀ ọ́, a tún jó kilowáàtì-wákàtí kan. Omi gòkè ní dígírì 20.9.

Mi ò fẹ́ kí ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló kùnà, nítorí kò kùnà. Mo jókòó tì í, mo sọ ìtàn Count Rumford fún un, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó rí i nílẹ̀ Jámánì bí ìbọn àgbá tí wọ́n ń lu ihò sí ṣe ń gbóná, tó fi irin ìlùhò kan tó kú gbo ó nínú omi títí omi fi hó lẹ́yìn wákàtí méjì àbọ̀. Ó kéde rẹ̀ ní 1798. Ó dà bíi pé ooru yẹn kò lè tán, ṣùgbọ́n ẹṣin ló ń yí i, oúnjẹ ẹṣin ló sì ń di ooru. Ní àwọn ọdún 1840, James Joule, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwúwo tó ń já bọ́ yí àjẹ̀ nínú omi, ó sì wọn iye iṣẹ́ tó ń di iye ooru. Ohun tó rí náà ni tẹmómítà bàbá rí: gbígbo kì í dá ooru sílẹ̀, ńṣe ló ń sọ iṣẹ́ mọ́tò di ooru, kò sì lè ju iye iṣẹ́ náà lọ. Ìwé ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá 1979 sọ bí a ṣe lè kọ́ ọ; kì í ṣe ẹ̀rí pé ooru tó ń jáde ju iná tó wọlé lọ.

Níbo wá ni dígírì mẹ́fà tó kù lọ? Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé ọwọ́ lé ara mọ́tò nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó sì tètè ká a kúrò. Ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún iná náà ń di ooru nínú mọ́tò fúnra rẹ̀, VFD gba díẹ̀, páìpù gba díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń mú ìta gbóná. Bí mọ́tò bá wà nínú yàrá, kò sí èyí tó máa sọnù, ẹ̀rọ náà á sì bá híítà lásán dọ́gba. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á wà nínú yàrá pẹ̀lú.

Bàbá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ariwo kò ti ṣe nǹkan kan, tí ooru mọ́tò, ti VFD àti ti agolo sì ń wà nínú yàrá kan náà. Fún yàrá ìgbàlejò, ó ra ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti ìta wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì tí a yí ojú rẹ̀ padà. Ìyẹn lè gbé ooru bíi ìlọ́po mẹ́ta iná tó jẹ wọlé bí òtútù ìta kò bá le jù, nítorí pé ńṣe ló ń kó ooru tó ti wà níta tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo ti rò pé agolo inú agolo lè níyì jù ni ibi tí kò ti sí mọ́tò rárá, tí afẹ́fẹ́ tàbí omi tó ń ṣàn ń yí ọ̀pá tààrà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí sórí irú ẹ̀rọ yìí, dúrọ́ọ̀mù omi àti tẹmómítà ni mo ń gbé lọ lọ́jọ́ kìíní, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ keje. Mo máa ń wọn ooru níwájú ẹni tó ni ín, kí n tó fọwọ́ kan iná. Lẹ́yìn náà ni mo ń wo ibi tí mọ́tò wà, bí ọ́ìlì ṣe ki ní òwúrọ̀ tó tutù jù, àti bí rédíétọ̀ ṣe fẹ̀ tó. Mo máa ń fa ìlà wáàtì àti ìwọ̀n ooru ọ́ìlì kí n tó ra VFD, nítorí ìlà yẹn ló ń sọ iye Hz tí a máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sì ń kọ ètò bí ẹ̀rọ á ṣe máa pa ara rẹ̀, mọ́tò ni mo máa ń kọ́kọ́ dá dúró, mo jẹ́ kí pọ́ńpù àti fáànù máa ṣiṣẹ́ títí ọ́ìlì á fi wálẹ̀ dé dígírì 30. Bàbá ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ó ní ooru tó bá kù sínú agolo, òun ti sanwó rẹ̀.